ÀWỌN ỌDÚN TÍ Ó YẸ KÍ A MÁA RÁNTÍ: ÀWO ORIN, ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ ÀTI OHÙN ÀWỌN Ẹ̀GBÁ

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àrọ́bá kò lè gbé wá fún wa, èyíinì ni ohùn ẹni tí ó ti kọjá lọ. A lè sọ fún àwọn ọmọ wa ohun tí Ṣódẹkẹ́ ṣe fún Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n a kò lè mú kí wọ́n gbọ́ bí Ṣódẹkẹ́ ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1845 ni ó kú, ohùn rẹ̀ sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún gbogbo ayé títí di ọdún 1877, nígbà tí Thomas Edison ará Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ. Ọdún márùnlélógójì lẹ́yìn náà ni ọmọ Ẹ̀gbá kan, tí í ṣe àlùfáà Ìjọ, dúró níwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kọrin sí i ní èdè Yorùbá.

Àwa Ẹ̀gbá kì í ṣe aláìkaye ọdún. A mọ ọdún 1830 tí a tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Olúmọ. A mọ ọdún 1843 tí Henry Townsend kọ́kọ́ wọ ìlú, àti ọdún 1859 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn. A mọ ọdún 1914 tí òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá dópin. Ọdún ogun, ọdún ọba, ọdún ìjọ àti ọdún òṣèlú, gbogbo wọn ni a ń kà. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí ohùn wa kọ́kọ́ wọ inú àwo, tí ohùn àjèjì kọ́kọ́ wọ inú yàrá wa láti inú àpótí, tí ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì sì di ti ara wa, díẹ̀ ni ènìyàn tí ó lè kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé kékeré yìí fẹ́ tò wọ́n, kí ó sì béèrè ohun tí ó yẹ kí a ṣe nítorí wọn.

I. OHÙN Ọ̀RỌ̀ ÀTI OHÙN ORIN

Kí a tó sọ ti àwo, ó tọ́ kí a mọ ìdí rẹ̀ tí ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi kọ irú orin tí ó kọ. Nígbà tí iṣẹ́ Ìjọ C.M.S. fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, àwọn òjíṣẹ́ náà mú orin wọn wá pẹ̀lú ìwé wọn. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, àǹfààní púpọ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí ó pẹ́ kí a tó kà á sí ìṣòro.

Èdè wa kì í ṣe èdè tí a lè gbé lé ohùn kóhùn. Ohùn òkè wà nínú rẹ̀, ohùn àárín wà, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà. Bí ohùn bá sì ti yẹ̀, ìtumọ̀ ti yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Igbá tí a fi ń mu omi kì í ṣe igba owó. Igba owó kì í ṣe ìgbà òjò. Ìgbà òjò kì í sì í ṣe ìgbá tí a ń jẹ. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ gbogbo wọn. Bí akọrin bá fẹ́ kọrin pé ìgbà ìkórè dé, tí ohùn orin sì ń gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wà ní ìsàlẹ̀, igbá ni etí yóò gbọ́. Ẹni tí ó mú ìwé orin lọ́wọ́ kò ní ṣìnà, nítorí pé ojú rẹ̀ ń ran etí rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ̀wé, tí ó ń ti ọjà Ìtòkú bọ̀, tí ó sì dúró lẹ́bàá fèrèsé ilé ìjọsìn láti gbọ́, orin dídùn ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ sì ni a tìtorí rẹ̀ kọ orin náà.

Josiah Jesse Ransome-Kuti ni a bí ní Ìgbẹ̀ìn ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 1855. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ C.M.S., ó ṣe olùkọ́, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní ilé ẹ̀kọ́ Ìjọ ní Èkó. A fi í jẹ díákónì ní ọdún 1895, a sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1897. Ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀ ni ó gbé ṣe èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ṣe nípa orin rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe ní ìgbà ayé rẹ̀: ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá máa ṣíwájú, kí ohùn orin sì máa tẹ̀ lé e. Ó fi irú ohùn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ̀ láti ilé kọ orin ìyìn, ó sì gbé orin náà jáde lọ sí ìta gbangba, níbi tí àwọn tí kò tíì wọ ilé ìjọsìn rí wà. Nítorí èyí ni a fi ń pè é ní àlùfáà akọrin.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn. Nínú Ìjọ ìgbà náà, àwọn onígbàgbọ́ olóòótọ́ wà tí wọ́n bẹ̀rù pé ohùn ilé ni ọ̀nà tí a óò gbà padà sínú ìbọ̀rìṣà. Àwọn tí wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀ pẹ̀lú ìyà ni àwọn wọ̀nyí, a kò sì gbọdọ̀ fi ìbẹ̀rù wọn ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀ ọjọ́ ti dá Ransome-Kuti láre. Kì í ṣe òun nìkan ni ó sì rìn ní ọ̀nà náà. Àlùfáà Emmanuel Ṣówándé wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀. Ní Èkó, T. K. E. Phillips, tí ó di olùtẹ ohun èlò orin ní Cathedral Church of Christ ní ọdún 1914, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀ràn kan náà, ó sì kọ ìwé kan nípa orin Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1953. Ṣùgbọ́n Ransome-Kuti ni ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ ní kùtùkùtù bẹ́ẹ̀.

II. ỌDÚN 1922

Ní ọdún 1922, Ransome-Kuti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Gramophone Company, tí ó ń ṣe àwo orin lábẹ́ orúkọ Zonophone. Ilé iṣẹ́ náà ni ó gba ohùn rẹ̀ sí àwo, orin tí ó sì kọ fún wọn lé ní ogójì. Ó wà nínú àwọn ohùn Yorùbá ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi sínú àwo fún títà.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ bí a ti ń ṣe é nígbà náà. Kò sí maikirofóònù fún iṣẹ́ yìí. Ọdún 1925 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná gba ohùn. Ní ọdún 1922, ìwo ńlá kan ni akọrin ń kọrin sí, tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Agbára ohùn akọrin nìkan ni ó ń mi abẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìdí ìwo náà, abẹ́rẹ́ náà a sì máa la ipa lára ìda tí ń yí. Láti ara ìda yìí ni a ti ń ṣe irin tí a fi ń tẹ àwọn àwo dúdú jáde. Bí akọrin bá jìnnà sí ìwo, a kò ní gbọ́ ọ. Bí ó bá sì pariwo jù, iṣẹ́ bàjẹ́, a ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú kan àwo náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí pé ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún orin wa. Orin tí lílé àti gbígbè wà nínú rẹ̀ kò ní ìwọ̀n àkókò. Bí inú àwọn ènìyàn bá dùn, wọ́n lè kọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn dé òpin àdúgbò, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn ará ilé, àwọn ará ọjà àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbè é kò sí níbẹ̀. Ìlú kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú àwo kì í ṣe gbogbo orin Ransome-Kuti. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdá kan yìí ní ohun tí kò sí nínú ìwé orin kankan: a gbọ́ bí ọkùnrin tí a bí ní ọdún 1855 ti ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá, ibi tí ó ti ń dúró, àti ibi tí ó ti ń fa ohùn. Kò sí ẹni tí ó lè fi tádà kọ èyí sílẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé ọjà títà ni ilé iṣẹ́ náà ń wá. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn wà ní etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ní owó láti ra gírámafóònù, tí wọn yóò sì ra àwo bí wọ́n bá gbọ́ èdè ara wọn nínú rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, èrè tí wọ́n ń wá ti di èrè fún wa.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún kan náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1922, ilé iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn ránṣẹ́ lójú òfuurufú lójoojúmọ́. Nítorí náà, ọdún kan ṣoṣo ni ohùn Ẹ̀gbá wọ inú àwo ní ìlú kan, tí ilé iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ fi ohùn rẹ̀ kún inú yàrá wa sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan náà. Ransome-Kuti kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, kí èkejì yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa.

III. ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejìlá ọdún 1932 ni BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó fi ń bá gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 1935, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó lẹ́tà àti wáyà ṣí iṣẹ́ tuntun kan ní Èkó. Wọ́n ń gba ohùn tí ó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń fi wáyà pín in dé ilé àwọn tí wọ́n ń san owó. Àpótí kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri; kò sí yíyàn nínú rẹ̀ ju kí a ṣí i tàbí kí a tì í lọ. Ohùn Lọ́ńdọ̀nù ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú ọjọ́. Ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún ìròyìn àti orin ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ náà dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, ó sì dé Kánò ní ọdún 1944. Abẹ́òkúta náà kò gbẹ́yìn. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní ọdún 1934, tí ó sì dàgbà ní Aké, sọ nípa dídé àpótí náà nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1981.

Àwọn ènìyàn wa wo àpótí yìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí akọ̀wé tí ó lè sọ ọ́ lórúkọ tí ó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ ń retí èsì. Ọba pàápàá, bí ó bá sọ̀rọ̀, àwọn ìjòyè yóò dáhùn. Bí oníwàásù bá wàásù, ìjọ yóò ṣe àmín. Ṣùgbọ́n èyí ń sọ, kò sì gbọ́. Ìyìn wà nínú orúkọ náà fún ìyanu ẹ̀rọ, ẹ̀sùn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní ọdún 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí wọn, dìde sí owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n sì fi orin sọ ohun tí ó wà nínú wọn ní iwájú ààfin. Agbára orin wọn pọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí Aláké fi fi ìlú sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949, kò sì padà wá títí di òpin ọdún 1950. A mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin wọ̀nyí nítorí pé a kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti rí: àpótí ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, àwọn obìnrin ń fèsì ní ìta, àpótí kò sì ní etí tí yóò fi gbọ́ wọn. Fúnmiláyọ̀ jẹ́ aya ọmọ àlùfáà akọrin. Ohùn bàbá ọkọ rẹ̀ wà lórí àwo títí di òní. Ti àwọn obìnrin ọjà, ọ̀rọ̀ wọn ni a mọ̀, kì í ṣe ohùn wọn.

Díẹ̀díẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì di tiwa. Ní ọdún 1951 ni a dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀, tí ó ń lo afẹ́fẹ́ dípò wáyà, tí ó sì ń sọ èdè ilẹ̀ wa. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Àlùfáà Emmanuel Ṣówándé tí a dárúkọ níṣàájú, tí a bí ní ọdún 1905, ni ó ṣe àbójútó orin níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ó ti gba orúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí olùtẹ ohun èlò orin ní Kingsway Hall, ó sì ti kọ African Suite ní ọdún 1944. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1957, iṣẹ́ náà di Nigerian Broadcasting Corporation. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi í yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, tí Abẹ́òkúta sì di olú ìlú rẹ̀, kò pẹ́ tí ìpínlẹ̀ náà fi ní ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì tirẹ̀ ní ìlú wa. Láti ìgbà náà ni ará Ìtòkò àti ará Ìgbórẹ̀ ti lè gbọ́ ìròyìn àdúgbò ara wọn láti ẹnu ẹni tí ó ń sọ Yorùbá bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

IV. ỌMỌ ÀTI ỌMỌ-ỌMỌ

Orin tí ó wọ inú àwo ní ọdún 1922 kò dúró ní ibi tí a fi í sí. Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọmọ àlùfáà akọrin, tí òun náà jẹ́ àlùfáà, ni olórí Abẹ́òkúta Grammar School láti ọdún 1932 títí di ọdún 1954. Ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ni a bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 1938. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, nígbà tí ó sì padà dé ní ọdún 1963, ó ṣiṣẹ́ ní Nigerian Broadcasting Corporation fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó fi gbogbo ara rẹ̀ fún orin tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997.

Ní ọdún 1971, Fẹlá kọrin sí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Abbey Road, èyí tí í ṣe ti EMI. Gramophone Company ti ọdún 1922 ni ó para pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 1931 láti di EMI. Àwo tí ó ti ibẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà, tí Ginger Baker bá a lù sí, orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ ni Regal Zonophone. Fẹlá kò tíì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Aníkúlápó nígbà náà. Ransome-Kuti ni a tẹ̀ sí i. Nítorí náà, láàrin àádọ́ta ọdún, orúkọ ìdílé kan náà àti orúkọ Zonophone tún pàdé lára àwo ní ìlú kan náà, ọ̀kan fún àlùfáà, èkejì fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó sọ ọ̀rọ̀ líle sí Ìjọ tí bàbá-bàbá rẹ̀ fi ayé rẹ̀ sìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ní òtítọ́ kò gbọdọ̀ ka ọ̀kan kí ó sì fo èkejì.

Kì í ṣe ìdílé kan ni Ẹ̀gbá. Yusuf Ọlátúnjí, tí a ń pè ní Baba Lẹ́gbàá, gbé orin sákárà ga ní Abẹ́òkúta títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 1978. Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, fi àpàlà sọ ọ̀rọ̀ ìlú lójú gbogbo ènìyàn, ó kọrin sí àwo fún EMI, títí wọ́n fi pa á nínú ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980. Ebenezer Obey, tí a bí ní Ìdógò ní ọdún 1942, tí àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Ẹ̀gbá, dá ẹgbẹ́ orin jùjú tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964, ó sì yípadà sí iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kan nínú àwọn olùkàwé wa yóò béèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ Ìjọ pẹ̀lú sákárà àti àpàlà, tí àwọn Mùsùlùmí ń kọ, tí a sì ń jó ní ibi àríyá? Èsì mi ni pé, ohun tí Ransome-Kuti jà fún ni ó kàn wá. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ohùn orin má ṣe pa ọ̀rọ̀ Yorùbá lára. Ẹ gbé àwo Àyìnlá kalẹ̀, kí ẹ sì fetí sílẹ̀: kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ohùn orin rẹ̀ yí padà, òwe rẹ̀ dúró ṣánṣán, bí Ẹ̀gbá ti ń sọ̀rọ̀ ní àdúgbò Ìtòkò ní ọdún 1975 ni ó sọ ọ́. Bí ó bá ní ohun tí a kò fara mọ́ nínú ayé rẹ̀, a lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sun àwo rẹ̀ nítorí ilé ọtí, a ti sun ẹ̀kọ́ èdè tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ kankan.

V. OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwo ìgbà náà. Oje tí a fi ṣe é le, ṣùgbọ́n kò ní agbára. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó ti tán. Ooru a máa tẹ̀ ẹ́, erùpẹ̀ a máa jẹ ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀, abẹ́rẹ́ tìkára rẹ̀ a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá lò ó. Àwọn àwo tí àwọn bàbá wa rà ní owó iyebíye, tí wọ́n ń gbé jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó dànù nígbà tí gírámafóònù bàjẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ó lè tún un ṣe.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àwo Ransome-Kuti wà ní ìpamọ́ ní British Library. Nígbà tí ilé ìkàwé náà sì ṣe àfihàn nípa Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 2015 sí ọdún 2016, ohùn rẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn àlejò gbọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Gbágùrá tó fẹ́ gbọ́ ohùn àlùfáà tí ó wàásù fún bàbá-ńlá rẹ̀ máa gbára lé ilé ìkàwé ìlú òkèèrè, kì í ṣe ohun tí a lè fi yangàn. Ní ọdún 2022 ni ọgọ́rùn-ún ọdún pé tí a gba ohùn náà sí àwo. Ẹni mélòó nínú ìjọ wa ni ó mọ̀?

Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í wúlò fún ẹnikẹ́ni bí kò bá jẹ́ pé ó mú wa ṣe iṣẹ́ kan. Àsè, aṣọ ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn olóyè yóò parí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo ń béèrè. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo rí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Èkínní ni wíwá. Kí olúkúlùkù ìjọ ní Ẹ̀gbá béèrè lọ́wọ́ àwọn ìdílé rẹ̀ bí àwo àtijọ́ bá wà nínú àpótí tàbí lórí àjà, ìbáà ṣe ti ìjọ, ìbáà ṣe ti sákárà. Kí a má ṣe gbìyànjú láti fi abẹ́rẹ́ àtijọ́ gbọ́ wọn. Kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà lára wọn sílẹ̀, kí a tò wọ́n ní ìdúró nínú ibi tútù tí kò ní eruku, títí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi dà wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ ìgbàlódé.

Èkejì ni kíkọ. Àwo kò sọ ìdí tí a fi kọ orin, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí ó ń gbè é. Àwọn àgbà tí wọ́n rántí àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì lára ògiri, tí wọ́n rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń pé jọ sí ilé ẹni kan ṣoṣo tí ó ní in, wọn kò pọ̀ mọ́. Kí a kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí a sì kọ orúkọ àti ọdún sí i.

Ẹ̀kẹta ni gbígba ohùn, èyí sì ni ó rọrùn jùlọ. Iṣẹ́ tí ìwo ńlá àti ìda ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, fóònù tí ó wà nínú àpò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é lónìí, kì í sì í ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nìkan. Ìyá àgbà tí ó mọ oríkì ilé, ọkùnrin tí ó ń lé orin ní ọdún Lísàbí, obìnrin tí ìyá rẹ̀ wà níwájú ààfin ní ọdún 1947 tí ó sì kọ́ ọ ní orin wọn: gbogbo wọn ni a lè gba ohùn wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí a bá ṣe é, kí a kọ orúkọ wọn sí i pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí a sì fi ẹ̀dà pamọ́ sí ju ibi kan lọ.

Ọdún kan ń bọ̀ tí a lè fi ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 2035, yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Èkó. Ó dá mi lójú pé ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò yóò ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Yóò dára púpọ̀ bí ó bá jẹ́ pé, ní ọjọ́ náà, tí wọ́n bá béèrè ohun tí Abẹ́òkúta ní láti mú wá, a ní àpótí tiwa láti ṣí, tí ohùn àlùfáà, ohùn onísákárà àti ohùn ìyá ọjà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn. Àwọn tí wọ́n ní ohùn náà ń dàgbà, ọdún náà kò sì jìnnà.